Àtàǹpàkò Lórí Bọ́tìnnì

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú mi hó bí omi orí iná, ẹ kàn sọ fún mi pé akọni ni àbúrò mi. Láti ọjọ́ tó ti fo ògiri tó sì já sínú ihò, gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Ìyá wa ń sọ ọ́. Ọ̀gá wa ní àgọ́ ọlọ́pàá ń sọ ọ́. Ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, tí kò mọ orí, tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀, òun náà dá ìgbálẹ̀ dúró, ó ní ẹ kú oríire àbúrò yín. Mo bi í pé oríire wo ló wà nínú itan tó kán sí méjì. Ó kàn ń gbálẹ̀ rẹ̀ lọ.

Èmi ni mò ń jókòó sí yàrá rédíò àgọ́ wa. Ọdún kẹtàdínlógún rèé. Àǹtí Rédíò ni gbogbo wọn ń pè mí, àtàwọn tó jù mí lọ pàápàá. Yàrá náà ò fẹ̀: tábìlì kan, fáànù kan tó ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn, ìwé ńlá tí mò ń kọ gbogbo ìpè sí, àti àwòrán àdúgbò tí mo lẹ̀ mọ́ ara ògiri, tí mo fi pẹ́ńsù pupa sàmì sí gbogbo ibi tó léwu. Inú yàrá yẹn ni mo ti ń gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọlọ́pàá wa níta. Àbúrò mi wà lára wọn. Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń pè é, torí kò sí ẹni tó lè bá a sáré nínú wọn, òun náà sì mọ̀ ọ́n, ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa rédíò wa kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé yín. Ẹnu kan ṣoṣo ló ní. Bí ẹnì kan bá tẹ bọ́tìnnì tirẹ̀ láti sọ̀rọ̀, gbogbo àwa yòókù yadi. A ń gbọ́ ọ, àmọ́ a ò lè fèsì. Òun náà sì di adití, torí pé bó ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ yẹn, kò lè gbọ́ ẹnikẹ́ni. Títí tó fi máa gbé ìka kúrò, kò sí ẹni tó lè bá a sọ̀rọ̀, títí kan èmi tí mo jókòó ti ẹ̀rọ ńlá.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe ìdánrawò sísá ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan á sáré yí ọgbà àgọ́ ká pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́ òsì, àtàǹpàkò á wà lẹ́yìn, á jìnnà sí bọ́tìnnì, torí ẹni tó ń sáré máa ń di ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú pinpin láìmọ̀. Bó bá dé kọ́nà, kò gbọ́dọ̀ já wọ ibẹ̀ gbùà. Á dúró, á jìnnà sí ògiri díẹ̀, á yọjú wò. Á tẹ bọ́tìnnì, á sọ ibi tó wà, ibi tó kọjú sí, ẹni tó ń lé àti ohun tí onítọ̀hún ṣe. Á wá tú u sílẹ̀, á sì gbọ́. Bí kò bá rí ẹnì kejì rẹ̀ mọ́, á dúró. Bó bá sì jẹ́ pé a ti mọ ẹni tí à ń lé, tí a mọ ilé rẹ̀, kó jẹ́ kó máa lọ. Mo máa ń sọ fún wọn pé èèyàn ló ní ẹsẹ̀, ilé kò ní. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi á sì jókòó sí yàrá mi, màá máa gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, màá máa fàmì sí ìwé pé lágbájá ti ṣe é, tàmẹ̀dù ti ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan báyìí, bí aago méjì ọ̀sán, Ẹ̀fúùfù àti ẹnì kejì rẹ̀ wà ní òpópónà àwọn tó ń jó irin. Ẹnì kejì rẹ̀ yìí, ọmọbìnrin ni, kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Òfin ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, torí pé bí ìwé bá ṣe wí ló ṣe ń ṣe, títí dórí bí a ṣe ń so okùn bàtà. Wọ́n dá ọkùnrin kan dúró lórí alùpùpù pẹ̀lú ẹrù wáyà bàbà tó jọ pé ó jí i ká níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Àbúrò mi gba láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe ń wò ó lọ́wọ́, ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi alùpùpù àti wáyà sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Àbúrò mi ti láísẹ́ǹsì bọ àpò àyà, ó gbá tẹ̀ lé e.

Ẹ bá mi wò ó o. Alùpùpù ọkùnrin náà wà nílẹ̀ níbẹ̀. Wáyà tó jí wà nílẹ̀ níbẹ̀. Àwòrán rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà ilé rẹ̀ wà nínú àpò ẹni tó ń lé e. Kí ló tún kù tí à ń lé? Àwọn àgbà ní a kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún, bí èèyàn ò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Àbúrò mi ò lé ejò, ejò kankan ò sì lé e. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ló ń sáré tẹ̀ lé.

Ohun tí mo gbọ́ ní yàrá mi ni pé, "Mo ń lé e." Ó parí. Kò sọ ibi tó wà, kò sọ ibi tó kọjú sí. Lẹ́yìn ìyẹn, èémí nìkan ni mò ń gbọ́, àti bàtà tó ń lu ilẹ̀. Ó ti di rédíò mú lọ́wọ́ ọ̀tún, àtàǹpàkò rẹ̀ sì wà lórí bọ́tìnnì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbagba. Mo tẹ tèmi, kò wọlé. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo gbójú sókè wo aago. Mo ń gbọ́ bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin ṣe ń han, ìyẹn ni mo fi mọ òpópónà tó wà, ni mo bá yíjú sí àwòrán ara ògiri, mo sì rí àmì pupa tí èmi fúnra mi fà sí ìparí rẹ̀. Àwọn kọ́lékọ́lé ti gbẹ́ ihò ńlá sẹ́yìn ògiri tó wà níbẹ̀. Láti ojú títì, ògiri náà kò ju àyà èèyàn lọ. Lódì kejì, ó jìn tó ìdúró èèyàn mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ni mo ti kà á sí wọn létí láàárọ̀ nígbà tí gbogbo wọn tò sílẹ̀. Àbúrò mi wà níbẹ̀, ó ń fi fóònù ya ara rẹ̀ ní fọ́tò.

Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ ni mo fi jókòó gbọ́ ọmọ ìyá mi bó ṣe ń sáré lọ síbi ihò, tí mi ò lè sọ pé dúró. Mo ń pariwo mọ́ fáànù. Mo gbọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe gbá bíríkì mú, mo gbọ́ bó ṣe kùn hùn, mi ò sì ní sọ ohun tí mo gbọ́ tẹ̀ lé e fún yín. Rédíò já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́tìnnì tú sílẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni ohùn ẹlòmíràn wọlé. Màá sọ ohun tí ohùn yẹn wí fún yín tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bínú díẹ̀ sí i.

Itan rẹ̀ kán, ìbàdí rẹ̀ sán, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fọ́. Dókítà ní á tún rìn, àmọ́ kí ó gbàgbé eré sísá. Ọjọ́ kejì, láàárọ̀, àwọn ọlọ́pàá méjì mú láísẹ́ǹsì tí wọ́n rí nínú àpò aṣọ rẹ̀, wọ́n rọra rìn lọ sí ilé tí wọ́n kọ sára rẹ̀, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ló ṣí i fún wọn pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu. Ó tiẹ̀ tún béèrè alùpùpù rẹ̀.

Ọ̀gá wá lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìwé. Oògùn ìrora ṣì wà lójú àbúrò mi. Ọ̀gá bi í pé báwo ló ṣe jẹ́, ó ní òun wẹ̀yìn, òun ò rí Òfin, òun ò sì gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí rédíò. Irọ́ kọ́ ló pa, ohun tó mọ̀ ló sọ. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá mọ̀wé kọ. Nígbà tó fi máa kọ ọ́ tán, ó ti di pé ẹnì kejì rẹ̀ sá fi í sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kò sì pè é rárá. Wọ́n ní kí àbúrò mi fọwọ́ sí i, ó sì fi ọwọ́ òsì fa ìlà kan wọ́gọwọ̀gọ sí i. Orí ìlà yẹn ni wọ́n dúró lé láti ní kí Òfin wá wí tẹnu rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, pé bó bá jẹ̀bi, kó bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀. Ẹ̀fúùfù ní tirẹ̀ máa gba àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n ti bá ayàwòrán sọ̀rọ̀.

Mo mọ ohun tó ń ṣe Ọ̀gá. Bí wọ́n bá ní ọlọ́pàá fò láìwo ibi tó ń fò sí, wọ́n á béèrè pé ta ni ọ̀gá rẹ̀. Ó rọrùn láti fi ọmọ olọ́mọ dí ihò náà.

Òfin wá bá mi ní yàrá rédíò lọ́jọ́ kẹfà. Àpá ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ṣì wà ní apá aṣọ rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́ fọ̀ ọ́, kò lọ. Òun ló sáré gba ẹnubodè àwọn kọ́lékọ́lé yí ká, tó fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀ sínú ihò, tó di orí Ẹ̀fúùfù mú kó má baà mì títí ọkọ̀ ilé ìwòsàn fi dé. Ìyẹn náà ò sí nínú ìwé Ọ̀gá. Ọmọbìnrin náà ò sunkún. Ì bá sàn fún mi bó bá sunkún.

"Àǹtí, mo pè wọ́n," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè wọ́n."

Mo ní mo mọ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀. Kí ló wá dé tí ẹ dákẹ́?"

Ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Torí mo mọ ohun tó dé. Nínú ìwé ìdánrawò, níwájú orúkọ àbúrò mi, àmì méjì wà tí mo fà, oṣù mẹ́ta ti ìṣáájú àti oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, kò sì sá eré kankan nínú méjèèjì. Ó kàn wá fi ìgbọ̀nwọ́ ti fèrèsé mi ni, ó ní Àǹtí mi, ẹ bá mi fàmì sí i, ṣé ẹ̀yin náà ò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n sá ni? Mo rẹ́rìn-ín, mo fàmì sí i. Lóòótọ́ ló mọ̀ ọ́n sá. Rédíò ni kò mọ̀ ọ́n dì mú. Ohun kan ṣoṣo tí ìdánrawò yẹn wà fún, òun gan-an ni mo jẹ́ kó fò, torí pé ọyàn kan náà la jọ mu.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ìyá wa pè mí. Wọ́n ti gbóòórùn pé mo ń ro nǹkan. Wọ́n ní ikú tí ì bá pani, bó bá ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ là ń dá, kí n jọ̀ọ́, kí n má ba orúkọ ọmọ ìyá mi jẹ́ lórí ọmọ tí a ò mọ bàbá rẹ̀. Mo ní Màmá, ọmọ náà ní bàbá. Wọ́n ní ṣé èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Mo tọrọ àforíjì. Àmọ́ mi ò sùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, orí ọmọ olọ́mọ sì ti ń wọ́ níṣojú mi láti bí ọ̀sẹ̀ kan.

Wọn ò pè mí sí ìgbìmọ̀. Èmi ni mo pe ara mi. Mo gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn rédíò sílẹ̀ lọ́wọ́ kan, mo gbé ìwé ìdánrawò lọ́wọ́ kejì, mo fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn wọlé. Ọ̀gá jókòó pẹ̀lú obìnrin onígíláàsì kan tí wọ́n rán wá láti olú iléeṣẹ́. Òfin dúró níwájú wọn. Ọ̀gá ní a ò nílò ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ ti ṣe kedere. Mo ní bó bá ṣe kedere, kò ní dí wa lọ́wọ́ láti gbọ́ ọ. Onígíláàsì ní kí n tàn án.

Ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀ kì í ṣe kékeré nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni ò ti sọ̀rọ̀. Èémí, bàtà, ẹ̀rọ irin. Ọ̀gá ń fi bíìrò lu tábìlì, nígbà tó yá, kò lù ú mọ́. Bíríkì. Ìró yẹn. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọbìnrin kan wọlé láàárín gbólóhùn, bí ẹni pé ó ti ń sọ ọ́ bọ̀ láti ìgbà pípẹ́.

"...má fò ó, sà. Ihò ni ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wà ní kọ́nà, ẹ dúró dè mí. Ẹ tú bọ́tìnnì sílẹ̀, ẹ gbọ́ mi, ẹ má fò ó." Ó tún tẹ̀ ẹ́. "Sà? Ẹ dá mi lóhùn, sà."

Òfin ń wo bàtà ara rẹ̀. Obìnrin onígíláàsì bọ́ gíláàsì, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ó béèrè ẹni tó yẹ kó rí i dájú pé Ẹ̀fúùfù mọ bí a ṣe ń di rédíò mú. Mo ṣí ìwé síwájú rẹ̀, mo fìka lé àmì méjèèjì.

"Èmi ni mo fà á," mo ní. "Kò sá a. Àbúrò mi ni, mo sì fàmì sí i."

Ó yíjú sí Ọ̀gá, ó bi í pé ṣé ó máa ń yẹ ìwé yìí wò. Ọ̀gá ń wo àjà. Obìnrin náà kọ nǹkan fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó ṣe tán, ó ní ohùn tí òun gbọ́ yé òun, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn tó wà níwájú òun, ẹni tó fara pa ló fọwọ́ sí i, bí kò bá sì fẹnu ara rẹ̀ yí i padà kó tó di ọ̀la, òun ò lè wọ́gi lé e. Ó ní ní tèmi, kí n kó ẹrù mi kúrò ní yàrá rédíò lónìí. Mo ní ó tọ́. Ó tọ́ lóòótọ́, inú sì ń bí mi náà.

Bí mo ṣe jáde, ilé ìwòsàn ni mo gbà lọ, pẹ̀lú ohùn náà nínú fóònù mi. Wọ́n fi okùn gbé ẹsẹ̀ Ẹ̀fúùfù kọ́ sókè. Màmá jókòó tì í, wọ́n ń bó ọsàn. Ó rí mi, ojú rẹ̀ tàn, ó ní Àǹtí mi, aṣọ wo lẹ máa wọ̀ lọ́jọ́ àmì ẹ̀yẹ mi? Mo gbé fóònù lé e láyà, mo tàn án.

Nígbà tó gbọ́ èémí ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní kí Màmá gbọ́ bí òun ṣe ń sáré. Màmá ní wọ́n ń gbọ́. Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú rẹ̀ nígbà tí ohùn Òfin wọlé. Mo ń wò ó. Ẹ̀rín náà ò kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ. Ọ̀bẹ Màmá dúró sínú èèpo ọsàn. Ó ní kí n tún un tàn. Mo tún un tàn. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan sí i.

"Ohùn rẹ̀ nìyẹn," ó ní.

"Òun ni."

"Mi ò gbọ́ ọ, Àǹtí mi. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò gbọ́ ọ."

"Mo mọ̀. O ò lè gbọ́ ọ. Àtàǹpàkò rẹ lo fi dí i lẹ́nu. Èmi tó yẹ kí n kọ́ ọ, èmi ni mo fàmì sí i pé o mọ̀ ọ́n ṣe."

Màmá fẹ́ sọ nǹkan. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó ronú. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ń wo àtàǹpàkò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ti ọ̀tún tó jẹ̀bi wà nínú báńdéèjì. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n fún òun ní bíìrò. Mo yọ ìwé kan nínú báàgì mi, mo dì í mú fún un. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́, lẹ́tà ńláńlá bíi ti ọmọ iléèwé: Ó pè mí. Èmi ni mi ò jẹ́ kí ohùn rẹ̀ wọlé. Láísẹ́ǹsì ọkùnrin náà wà lápò mi nígbà tí mo fò. Ó fọwọ́ sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, a lè ka orúkọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ó bi mí bóyá Òfin lè wá wo òun níbí lọ́jọ́ kan, tí kò bá bínú jù.

"Ó ti wá," mo ní. "Nígbà tí o dákú sínú ihò, ta lo rò pé ó di orí rẹ mú?"

Mo ká ìwé náà, mo fi sínú báàgì mi láti gbé e fún obìnrin onígíláàsì, mo kí Màmá pé ó dàárọ̀, mo sì jáde láìsọ fún un pé ó ṣeun.